Lẹ́tà Tó Fì Sọ́tùn-ún

Àpótí kẹtàdínlógún ni wọ́n ń gbé
ní ilé ìtẹ̀wé Baba Ládépò,
lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè l'Òṣogbo.
“Fọwọ́ kí o tó ṣí i,” lọ̀gá mi máa ń wí,
“àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹgbẹ́ lẹ́tà ìwé owó orí.”

Òjé ni wọ́n, tútù bí òkúta etí odò.
Ṣùgbọ́n jẹ́ kí tàdáwà kan ojú wọn,
kí ẹ̀rọ pa bébà mọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan,
wọ́n á dìde bí ohun tí ọwọ́ èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ,
gbogbo wọn á fì sọ́tùn-ún,
bí ẹni tó ń lọ pàdé àfẹ́sọ́nà
tí orí ti ṣáájú ẹsẹ̀.
Ibi tí gègé ti sọ̀ kalẹ̀, ó nípọn;
ibi tó ti ń gòkè, bí òwú aláǹtakùn.
Ìrù g a gba abẹ́ lẹ́tà mẹ́ta kọjá
kó tó rántí ilé.
d a na ọrùn sẹ́yìn
bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ níta.

Iṣẹ́ wọn kò pọ̀. Orúkọ ìyàwó.
Orúkọ ẹni tó yege, lórí ìwé ẹ̀rí.
Alága ẹgbẹ́ awakọ̀ wá lọ́jọ́ kan,
ó ní òfin ẹgbẹ́, ojú ewé méjìdínlógún,
òun fẹ́ kó fì láti òkè délẹ̀.
Ọ̀gá mi ní, “Ta ní ń fi oyin jẹ iyán?”
Ẹlòmíì ní lẹ́tà ńlá nìkan lòun fẹ́.
A tò ó kó rí i:
Bámigbóyè di igbó ìtàkùn,
ìrù wọ ìrù, apá há sápá,
ó wá orúkọ ara rẹ̀ títí, kò rí i.

Àléébù kan ṣá wà, tí a kì í sọ sí oníbàárà létí.
Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti rọ wọ́n,
ẹni tó ya àwòrán wọn kò gbọ́ ohùn wa rí.
Kò sí ẹ níbẹ̀, kò sí ọ, kò sí ṣ.
Osogbo nìlú wa ń jẹ́ nínú àpótí yẹn,
bí ẹni tí eyín iwájú yọ.

Igba káàdì la tẹ̀ fún Mùyìbátù,
ọmọ ìyá aláró n'Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ìyá rẹ̀ gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀,
ó ń kà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì:
“Oko... ìyàwó. Oko?
Ta ló fẹ́ dáko níbí?”

Ọ̀gá mi kò fèsì. Ó na abẹ́rẹ́ ìránṣọ sí mi.
Mo jókòó. Ẹgbẹ̀rin àmì,
ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ikùn lẹ́tà,
títí rélùwéè alẹ́ fi kọjá, tí tábìlì gbọ̀n,
tí àmì kan fò lọ bà sábẹ́ a.
Ìyá náà kò lọ. Ó dúró tì mí.
“Kí ni wọ́n fi ń kọ irú èyí, kó tó di òjé?”
“Ìyẹ́ ẹyẹ ni. Wọ́n á gé e lẹ́nu,
wọ́n á tì í bọ tàdáwà.”
Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí aró ti pa:
“Ìyẹ́ adìyẹ làwa náà fi ń ya ẹ̀kọ sára àdìrẹ.
Abájọ tó fì.
Ìyẹ́ kì í dúró ṣánṣán lọ́wọ́ èèyàn.”
Ó gba abẹ́rẹ́ náà, ó parí ogójì káàdì tó kù.
Àmì tirẹ̀ tóbi ju tèmi lọ.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ọmọ mi ní lẹ́tà tó fì,
tòun tàmì abẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn róbótó,
kò sí èyí tó ṣìnà. Mo yìn ín.
Ṣùgbọ́n káàdì tó ní àmì lábẹ́ a
ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.
N kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é.